Egbò Tí Kò Tètè Jiná Lára Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ dá egbò sí apá obìnrin 26. Gbogbo àwọn obìnrin náà ló fọwọ́ sí i. Egbò náà kò fẹ̀ ju mílímítà 3.5 lọ, ó wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, ní ọwọ́ tí obìnrin náà kì í sábà fi ṣiṣẹ́. Àwọn 13 nínú wọn ń tọ́jú ẹbí wọn tó ní àrùn ìgbàgbé Alzheimer nínú ilé. Àwọn 13 yòókù kò tọ́jú aláìsàn kankan, ọjọ́ orí wọn àti owó tó ń wọlé fún ìdílé wọn sì bá tàwọn àkọ́kọ́ mu.

Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò ju ọjọ́ tí egbò náà máa jiná lọ. Wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ń kán hydrogen peroxide sí i. Bó bá ṣì ń hó, kò tíì jiná. Bí kò bá hó mọ́, ó ti jiná nìyẹn. Egbò àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni gba nǹkan bí ọjọ́ 39. Tàwọn tó ń tọ́jú aláìsàn sún mọ́ ọjọ́ 49. Ìyàtọ̀ ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, lórí egbò tí pílásítà kékeré kan máa bò mọ́lẹ̀! Másùnmáwo, ìyẹn ìdààmú ọkàn tí kò dáwọ́ dúró, ni wọ́n gbà pé ó fà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàrá tí a ti ń dírẹ́sì egbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá ibi tí Mushin àti Súrùlérè ti pààlà. Hydrogen peroxide yẹn ló kọ́kọ́ mú mi nígbà tí mo ka ìwádìí náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti da á sí lára rí ló mọ̀ ọ́n: ó máa ń hó yàà, ó máa ń ṣe funfun, àwọn ọmọdé á sì máa ké kó tó dé ara wọn rárá. Mo ti rí i tó ń hó lára onírúurú èèyàn, ọlọ́kadà, alágbàfọ̀, ọmọ iléèwé, ìyá àgbà. Pé èèyàn lè ti ara ìhó bẹ́ẹ̀ mọ irú òru tí ẹnì kan ń sùn nílé rẹ̀, ìyẹn ni ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíràn. Bí egbò bá ń falẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ṣé àtọ̀gbẹ ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà dáadáa? Ṣé kòkòrò ti wọ ojú egbò? Kí ni ẹni náà ń jẹ, ṣé ẹyin àti ẹ̀wà wà níbẹ̀ àbí ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán ni láti àárọ̀ di alẹ́? Ṣé ó ń mu sìgá? Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó tì í kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ másùnmáwo. Ẹ wá dókítà fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù wa, tí mo ti sọ di ara iṣẹ́ mi báyìí. Bí mo bá ń tú báńdéèjì, tí gbogbo èsì àyẹ̀wò dára tí egbò ò sì fẹ́ pa ojú dé, mo máa ń béèrè pé, “Mà, ta lẹ ń tọ́jú nílé?”

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo béèrè ohun tí kò kàn mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mí kanlẹ̀. “Ìyá ọkọ mi ni o, nọ́ọ̀sì.” “Bàbá wa ni. Rọpárọsẹ̀.” “Ọmọ mi ni, láti kékeré ló ti wà bẹ́ẹ̀.” Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í sì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kan oorun.

Ẹni tó ṣáájú ìwádìí egbò yẹn ni Janice Kiecolt-Glaser, ní Ohio State University. Ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí èèyàn ni tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ronald Glaser, ṣèwádìí nípa fáírọ́ọ̀sì nígbà ayé rẹ̀. Tọkọtaya kan náà, ọ̀kan ń wo ìbànújẹ́, èkejì ń wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá da iṣẹ́ wọn pọ̀. Ó yẹ kí a mọ bí ìyẹn ṣe gba ìgboyà tó nígbà náà. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn gbà ni pé ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, ètò tó ń bá àrùn jà nínú ara náà sì ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1975, Robert Ader àti Nicholas Cohen ní University of Rochester tẹ ìwádìí kan jáde tó mì èrò yìí. Wọ́n fún àwọn eku ní omi tí wọ́n fi saccharin mú dùn, wọ́n sì gún wọn ní cyclophosphamide, oògùn tó máa ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún fún wọn lómi dídùn náà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí oògùn nínú ọ̀rọ̀ rárá. Agbára ìdáàbòbò ara àwọn eku náà tún lọ sílẹ̀. Ahọ́n ló tọ́ omi wò, ọpọlọ ló rántí, ẹ̀jẹ̀ ló jìyà rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò ṣeé sọ mọ́ pé àwọn méjèèjì ò mọra.

Nígbà tí Kiecolt-Glaser àti ọkọ rẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ 75 ní oṣù kan ṣáájú ìdánwò, wọ́n tún gbà á ní ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ àti èyí tó fẹ́ di jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn dín kù lọ́jọ́ ìdánwò. Ó tún kéré jù lára àwọn tó sọ pé àwọn ò rẹ́ni fojú jọ, pé àwọn dá wà. Ìlú Èkó ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì mọ ojú tí àwọn ọmọ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà máa ń gbé kiri nígbà ìdánwò: ètè gbígbẹ, egbò nínú ẹnu, ọ̀fìnkìn tí kò lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1998, nítorí ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín 11 gbà kí wọ́n dá egbò kékeré sí àwọn ní àjà ẹnu, lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ nígbà ọlidé, lẹ́ẹ̀kejì ní apá kejì ẹnu kan náà, nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ara ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, nítorí ẹnu ẹni kan náà ni wọ́n fi wé ara rẹ̀. Egbò ìgbà ìdánwò pẹ́ ju ti ọlidé lọ pẹ̀lú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn 11 tí egbò rẹ̀ yá nígbà ìdánwò tó bó ṣe yá nígbà ọlidé. Ìdánwò tí wọ́n mọ ọjọ́ tó máa parí lèyí o. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí tirẹ̀ máa parí?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò fara sin fún wa mọ́. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ méjì kéékèèké tó jókòó lórí kíndìnrín. Adrenaline á tú jáde, àyà á máa lù kìkì, ojú á là. Lẹ́yìn rẹ̀ ni cortisol, tí ẹṣẹ́ kan náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, máa ń dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba pé irú ìpayà bẹ́ẹ̀, bí kò bá pẹ́, kò burú. Tí ọkadà bá fẹ́ẹ́ gbá yín ní Ojúẹlẹ́gba, tí ẹ fò sẹ́yìn, ara yín ti múra sílẹ̀ fún egbò kí egbò tó wà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Firdaus Dhabhar, fi eku ṣèwádìí èyí, ó sì rí i pé ìpayà kúkúrú máa ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn lọ sí awọ ara, níbi tí ọgbẹ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Ní 2004, Suzanne Segerstrom àti Gregory Miller kó ìwádìí tó tó nǹkan bí 300 jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Ìpayà ìṣẹ́jú díẹ̀ ń ta apá kan ètò ìdáàbòbò ara jí. Èyí tó ń bá èèyàn lọ lóṣooṣù, lọ́dọọdún, ló ń ba ètò náà jẹ́ látòkè délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ cortisol yìí, àwa ará Èkó ti mọ ìbátan rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní 1948, dókítà Philip Hench ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ lo cortisone fún ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ wú tó ń ro ó, ara onítọ̀hún sì yá débi pé gbogbo ayé gbọ́. Òun àti Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di oògùn. Prednisolone tí dókítà ń kọ fún alásìmá, dexamethasone, hydrocortisone, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n ń pa ìwúlé àti ìgbóná ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò wọ́n pẹ́, egbò rẹ̀ á máa falẹ̀, àrùn á sì tètè rí i gbé ṣe. Ẹbí oògùn yìí, tí wọ́n ń pè ní steroid, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí àwọn èèyàn fi ń bóra, tí wọ́n ń tà ní gbangba lọ́jà. Ẹni tó bá ti fi í para fún ọdún púpọ̀, awọ rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́, ìránpọ̀ ò ní mú un dáadáa, àwa tí a ń dírẹ́sì ló ń rí ìyọnu rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé másùnmáwo “inú orí lásán” ni, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé prednisolone náà inú orí lásán ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó tún wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Bí cortisol bá ń dà lójoojúmọ́ láìdáwọ́ dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí dídi sí i, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pariwo mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Sheldon Cohen ní Carnegie Mellon University fi èyí hàn ní 2012: lára àwọn tí ìṣòro ti wà lára wọn pẹ́, cortisol ò lè pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé “ó tó” mọ́, àwọn wọ̀nyí náà ló sì tètè kó ọ̀fìnkìn nígbà tí wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sí wọn nímú. Nítorí náà, àdánù méjì ló ń bá ẹni náà pọ̀ nígbà kan náà. Nígbà tí egbò dé, ìpè tó yẹ kí ara pè láti kó àwọn sẹ́ẹ̀lì jọ síbẹ̀ kò lágbára. Nígbà tó yẹ kí ìgbóná inú ara rọlẹ̀, kò rọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú ìyá wa, ní Lawanson. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́.

Aṣọ ni Màmá ń tà ní Tejúoṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí rẹ̀ pé débi pé kì í kọ gbèsè sílẹ̀. Ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ, ó mọ ìgbà tí wọ́n san lára rẹ̀, ó mọ àṣẹ́kù. Ìgbàgbé wá wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ, ó dé orí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ó dé orí ọ̀nà ilé. Ní báyìí, ó máa ń dìde lóru láti wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò sí mọ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé ọjà ti tú, ó lè gbà. Ó tún lè fi ẹ́ ṣépè, kó ní o fẹ́ ja òun lólè. Nígbà mìíràn ó máa ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí, pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé wa.”

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ẹni tó ń jiyàn èyí nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló ń fún òkété lọ́mú? Bọ̀dá wa ti jápa lọ Kánádà. Ó ń fi owó ránṣẹ́, kì í sì í yẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin wà ní Ajah. Èmi wà nítòsí, mo ń ṣe iṣẹ́ òru lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀gbọ́n mi tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán, tí gbogbo ayé gbà pé ó lè ṣe é láti ilé, òun ni ọwọ́ gbogbo wa nà sí. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Bó ṣe máa ń rí nínú ilé Yorùbá nìyẹn: ẹni tó sún mọ́ jù, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, òun ni ẹrù máa ń bá lórí ìjókòó.

Ìyìn ò wọ́n. “Ọlọ́run á san án fún ẹ.” “Ìwọ náà á rí ọmọ tọ́jú ẹ.” “Abiyamọ tòótọ́!” Àdúrà ni, a sì ń ṣe àmín. Síbẹ̀, ẹni tó gbàdúrà náà á bọ́ sọ́kọ̀, á lọ sùn sílé rẹ̀ di àárọ̀. Màṣíìnì ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí kò lè máa lọ fún ìdánrawò. Ó yọ ara rẹ̀ nínú èsúsú nítorí kò rówó dá mọ́. Aládùúgbò kan tó rí Màmá níta ní ìdájí, tó ń kan ìlẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ti ń sọ ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ nípa ìyá arúgbó tó ń rìn lóru. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì látinú, kì í gba àlejò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn tó kàwé, nítorí kì í ṣe ohun tí a kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn yìí láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé ń mú nǹkan bí ẹni 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún láàárín àwọn tó ti lé lọ́dún 65 ní Ìbàdàn, ó sì tó 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà. Àrùn ọpọlọ ni, ó ní orúkọ, wọ́n ti kà á nínú ìlú tiwa.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi pàdánù yẹn, akọrin, èsúsú, oníbàárà, àlejò, Sheldon Cohen tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti wọ̀n ọ́n. Nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1997, ó bi àwọn ènìyàn 276 léèrè oríṣi àjọṣe tí wọ́n ní: ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, ọ̀rẹ́, aládùúgbò, àwọn ará ibi iṣẹ́, àwọn ará ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ó kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí wọn nímú. Àwọn tí oríṣi àjọṣe wọn kò ju mẹ́ta lọ fi ìlọ́po mẹ́rin ó lé díẹ̀ wà nínú ewu ọ̀fìnkìn ju àwọn tí tiwọn tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi ni ó kà o, kì í ṣe iye èèyàn. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lójú méjèèjì, àwọn oríṣi yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lákòókò kan, òróró gbígbóná ta sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn ọwọ́ níbi tó ti ń din dòdò, nítorí Màmá fà á láṣọ lẹ́yìn lójijì. Èmi ni mo ń dírẹ́sì rẹ̀. Mo yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó dára. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀. Kò sí kòkòrò kankan nínú egbò. Ó sì pẹ́ gan-an kó tó jiná. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé másùnmáwo ló fà á, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lórí egbò ẹyọ ẹnì kan ti kọjá ohun tí ìmọ̀ lè gbè é lẹ́yìn. Kódà obìnrin 26 inú ìwádìí 1995 kò pọ̀, ohun tó jẹ́ kí n gbà á ni pé àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka síbì kan náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí: obìnrin kan tí kò sùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́ ìlera. “Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má ronú jù.” Báwo ló ṣe máa fọkàn balẹ̀? Ta ló máa ti géètì? Ẹni tó sọ pé kó fọkàn balẹ̀, ṣé ó máa wá sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀? Bí a bá gba ìmọ̀ yìí, tí a wá fi sọ fún aláàárẹ̀ pé àìfọkànbalẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di aláìlera, a ti tún gbé ẹrù kún ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń polówó àgbo àti oògùn “ìfúnlókun àjẹsára” lórí WhatsApp, tí wọ́n ń ní kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn máa rà á. Kò sí ohun tó wà nínú ìgò wọn tó lè gba ìṣọ́ òru lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó le jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ Kiecolt-Glaser lójú mi jáde ní 2003. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin àti obìnrin 119 tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn tó ní àrùn ìgbàgbé, pẹ̀lú 106 tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni, fún ọdún mẹ́fà. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní interleukin-6; tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ fún ìgbà pípẹ́, ó bá àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti àìlera ọjọ́ ogbó rìn. Lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń lọ sókè lára àwọn yòókù. Nínú wọn ni àwọn tí aláìsàn wọn kú kí ìwádìí náà tó parí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú, ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì padà sípò.

Mo rò nípa bí a ṣe ń ṣe é ní Èkó. Bí ìyá bá kú, gbogbo ẹbí á dé. Ẹni tí kò yọjú fún ọdún mẹ́ta á wá bá wọn yan aṣọ ẹbí. Wọ́n á ta kánópì sí òpópónà, olórin á kọrin, wọ́n á ní ìyá jayé. Wọ́n á sọ fún ọmọ tó tọ́jú rẹ̀ pé ó ti sinmi nìyẹn, Ọlọ́run ti gba ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, àga ti padà sọ́dọ̀ onílé-àga, kálukú ti wọkọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan mú un lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kó bá a wá oníbàárà tó sọ nù, kó fà á lọ́wọ́ padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí tí Màmá wa ṣì wà láàyè, kí ó má baà di ohun tí a máa rántí nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

A pe ìpàdé ẹbí nígbà tó yá, lórí fóònù, Bọ̀dá láti Kánádà, àbúrò wa láti Ajah, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nínú pálọ̀ ní Lawanson. Mo ka àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí fún wọn bó ṣe wà. Bọ̀dá dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun rò pé owó tí òun ń fi ránṣẹ́ ti gbé ẹrù náà. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé, “Bọ̀dá, owó yín ń bọ́ Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Kò lè jí dìde ní aago méjì òru.” Kò bínú sọ ọ́.

Apá kan nínú owó náà ni a ń san báyìí fún obìnrin kan tó ń wá lọ́sàn-án, kí màṣíìnì lè ṣiṣẹ́. Àbúrò wa máa ń bọ̀ ní alẹ́ Jímọ́ọ̀, ó ń gba orí afárá Third Mainland nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà mìíràn aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó dé. Òun ló ń ṣọ́ Màmá di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n mi á wá sùn lọ́dọ̀ mi. Lákọ̀ọ́kọ́ kò lè sùn, ó ń tẹ àbúrò wa láago lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ṣé ó ti ti géètì. Ó ti ń sùn díẹ̀díẹ̀ báyìí. A sọ fún àwọn aládùúgbò ní gbangba pé àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe Màmá, a sì fún ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta ní nọ́ńbà fóònù wa kó lè pè wá tó bá rí i níta.

Àwọn nǹkan kan ṣì wà nílẹ̀. Màmá kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ obìnrin ọ̀sán náà láwọn ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ akọrin ti gba ẹ̀gbọ́n mi padà, ṣùgbọ́n ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò, iṣẹ́ òru mi sì sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́bọ̀, mo ti ní kí ọ̀gá wa bá mi yí i padà. Obìnrin ọ̀sán máa lọ sílé ní oṣù Kejìlá, àbúrò wa sì ní àwọn ò ní gba ìsinmi níbi iṣẹ́ títí ọdún á fi yí. Bọ̀dá ti ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì.